Búrẹ́dì Ìyá Mi Tí Wọ́n Fi Ṣínu

Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mí, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbàlagbà tí irun orí wọn ti funfun ló sábà máa ń sọ irú ìtàn báyìí. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ ìyẹ̀fun, ọdún yìí ni mo sì yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ọdún mẹ́rìnlélógún nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

N kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Tí èèyàn bá ti pọ̀ níbì kan, ohùn mi kì í jáde. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, síbẹ̀ ó rọ̀ mí lọ́rùn kí n kọ nǹkan ju kí n fi ẹnu sọ ọ́ lọ. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ń ronú irú iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́ ni mò ń kọ èyí sí. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, nítorí ìyá mi gan-an ni mo ṣe gbé bírò. Orúkọ kan wà tí àwọn ará ọjà oko ní Ìwó fún ìyá mi, orúkọ náà ò sì dáa. Kì í ṣe ìyá mi ló ni ín.

Ilé wa ò lérò púpọ̀. Bàbá mi, ìyá mi, àti èmi ni. Ìyá mi bí ọmọ mẹ́ta ṣáájú mi, kò sí èyí tó dúró. Bàbá mi ń dáko lọ́nà Olúpọ̀nnà: ata, ilá, ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, àti ẹ̀wà lọ́dún tí òjò bá dáa. Ìyá mi ń ṣe búrẹ́dì nínú ààrò amọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé. Ní ọrọọrún tí wọ́n bá ń ná ọjà oko, a ó kó méjèèjì lọ. Búrẹ́dì á wà lórí àtẹ lápá ọ̀tún, irè oko á wà nílẹ̀ lápá òsì, lórí àpò tí a tẹ́. Èèyàn á wá ra ata, òórùn búrẹ́dì á dá a dúró, á ra méjèèjì. Bí owó ṣe ń wọlé kọ́ ni mo fẹ́ sọ. A jẹun, a wọṣọ, bàbá mi ra ọ̀kadà àlòkù kan. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Kò sẹ́ni tó gbà mí síṣẹ́. Ìyá mi kàn gbé àpótí ìjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun, wọ́n ní, "Gùn ún." Mo gùn ún. Mo ti dọmọ iṣẹ́ nìyẹn.

Ìyá mi le. Ẹ̀yin tí ẹ máa kọ́ṣẹ́ lábẹ́ òbí yín, ẹ má rò pé ẹ máa rí ojú àánú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìyẹ̀fun láìṣe àlùwàlá. Wọ́n ní ohun tí èèyàn máa fi sẹ́nu, a ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ tí a kò lè fi kírun po ó. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń wo èékánná mi. Tí mo bá po ìyẹ̀fun, wọ́n á fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, tó bá lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n á sọ ọ́ padà sórí pákó, gbà!

"Ó ṣì ń sunkún. Pò ó sí i."

Èmi náà á máa sunkún, a ó jọ máa sun ún.

Ooru ààrò ló tún wá le jù. A ò ní ohun tí a fi ń wọn ooru. Ohun tí ìyá mi kọ́ mi ni pé kí n ju ìyẹ̀fun gbígbẹ díẹ̀ sílẹ̀ ààrò, kí n ka Fátíhà lẹ́ẹ̀kan. Tí ìyẹ̀fun náà bá jó kí n tó kà á tán, ooru ti pọ̀ jù. Tó bá ṣì funfun nígbà tí mo dé "Àmín", kí n ki igi sí i. Tó bá pọ́n bí awọ ẹ̀pà, kí n kó búrẹ́dì wọlé. Èmi tí ẹ̀rù ń bà, kíá ni mo máa ń kà á tán. Ìyẹ̀fun á ṣì funfun, màá ki igi sí i, búrẹ́dì á sì jó. Lọ́jọ́ kan tí a kó ogún búrẹ́dì dúdú jáde, ìyá mi ò nà mí. Wọ́n jókòó, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Mùìbá, ta ló ń lé ọ? Ọlọ́run ò lé ọ. Kà á dáadáa."

Títí di òní, tí mo bá ń kírun, ohùn ìyá mi ni mo fi ń ka Fátíhà, díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí búrẹ́dì wa yàtọ̀ ni ìyẹ̀fun àná. Lójoojúmọ́, kí a tó gé ìyẹ̀fun sínú agolo, ìyá mi á bu ìkúùkù kan sọ́tọ̀, wọ́n á fi sínú ìkòkò amọ̀ kékeré kan, wọ́n á da ewé bò ó. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti kan, ó ti ń hó wúrúwúrú. Èyí ni wọ́n máa pò mọ́ ìyẹ̀fun tuntun, òun ló ń mú un wú. Wọ́n á tún bu ìkúùkù kan kúrò nínú ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é láti ìgbà tí n kò tíì dáyé. Búrẹ́dì náà ní ìkan díẹ̀ nínú, kì í sì í bu títí a ó fi tún ná ọjà mìíràn. Nígbà tí yíìsì inú ọ̀rá gba ìgboro kan, tí àwọn ilé búrẹ́dì ńláńlá gbé ẹ̀rọ wá, ìyá mi tọ́ tiwọn wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń tà." Wọn ò tún sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ọjà títà kò rọrùn fún mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á máa pariwo, èmi á dúró ti àtẹ bí òpó. Ìyá mi á ní, "Ṣé búrẹ́dì ló máa polówó ara rẹ̀ ni?" Ìyá Sùárà tí wọ́n ń ta èlùbọ́ nítòsí wa á dá sí i: "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, Ìyá Mùìbá. Ọmọ yín sọ̀rọ̀ léṣìí. Ó tún di ọdún tó ń bọ̀." Gbogbo ọjà á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn Ìyá Sùárà nígbà yẹn. Wọ́n máa ń fi èlùbọ́ há mi lọ́wọ́ tí mo bá ń lọ sílé.

Ẹlòmíràn tó fẹ́ràn àwàdà ni Bàbá Ògúnníyì, adẹ́mu tí oko wọn bá ti bàbá mi pààlà. Ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni wọ́n, wọn kì í sì í fi ṣe ìjà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan tí a lọ já ata, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì ẹmu wọn sílẹ̀, wọ́n wo ìyá mi.

"Ìyá Oníbúrẹ́dì, kò sóhun tó ń mú ìyẹ̀fun wú bí ẹmu mi o. Obìnrin kan wà níhìn-ín láyé àtijọ́ tó ń ṣe búrẹ́dì, ọwọ́ bàbá mi ló ti ń rà á."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," ni ìyá mi wí, tẹ̀rín-tẹ̀rín, "ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ìyẹn lẹ́nu yín. Inú mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ti ń jẹ tèmi."

Òtítọ́ ni. Búrẹ́dì wa ni Álífáà àgbà àdúgbò wa fi ń ṣínu lóṣù ààwẹ̀, àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kírun lẹ́yìn wọn. Àwọn tó fẹ́ ṣe sàárà á ra odidi àtẹ kan, wọ́n á ní kí a gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí. Gbogbo wọn mọ̀ pé ẹni tó pò ó ṣe àlùwàlá. Wọn kì í béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọdún tí mo pé méjìdínlógún, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n pè wá láti Ilé-Ogbó pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ti ṣubú, kò lè gbé apá. Ìyá mi di ẹrù. Kí wọ́n tó gun ọ̀kadà, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Mùìbá, o ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun gbogbo wà lọ́wọ́ rẹ. Ìyẹ̀fun àná, má jẹ́ kó kú."

Nílé wa, tí ààwẹ̀ bá ku ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ìkòkò, abọ́ àti àtẹ ló ń jáde síta. A ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ wọ́n, a ó sá wọn sóòrùn, kí a má bàa gbé ìdọ̀tí àtijọ́ wọnú oṣù mímọ́. Ní ti ìkòkò ìyẹ̀fun àná, ìyá mi nìkan ló máa ń fọ̀ ọ́. N kò bi wọ́n rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èmi tó kàn ní ọdún yẹn, mo fẹ́ kí ìyá mi dé bá ilé tó mọ́ ju tiwọn lọ. Mo da ìyẹ̀fun náà sínú abọ́, mo da omi híhó sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀mejì, mo fi aṣọ nù ún gbẹ, mo dá ìyẹ̀fun padà, mo da ewé bò ó. Inú mi dùn sí ara mi.

Ìkòkò amọ̀ a máa pa ooru mọ́ra. Nígbà tí mo ṣí i lọ́jọ́ kejì, kò hó, kò wú. Ó sùn sílẹ̀ bí ẹ̀kọ tó tutù. Mo ti sè é.

Mo gba fóònù bàbá mi, mo tẹ nọ́ńbà ìyá mi. Ó dún lẹ́ẹ̀mejì, mo pa á. Wọ́n pè padà.

"Mùìbá, ṣé kò sí?"

"Kò sí, mà. Mo ní kí n kàn kí yín ni."

"Ìyẹ̀fun àná ńkọ́?"

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọdé dúró díẹ̀. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, ibí ni mo ti lè dá a dúró. Ká ní mo sọ pé "Ó ti kú, mà," wọ́n á kàn bú mi ni. Wọ́n á sọ ohun tí màá ṣe fún mi. Ẹnu mi ló wúwo.

"Ó wà, mà," ni mo sọ.

Mo ra yíìsì inú ọ̀rá. Búrẹ́dì náà wú, ó funfun, kò sí adùn kankan lẹ́nu. Ìyáálé Álífáà ló kọ́kọ́ rà á. Wọ́n bù ú wò, wọ́n wò mí. "Mùìbá, ọwọ́ ìyá rẹ kọ́ nìyí o. Ṣé wọn ò tíì dé ni?" Ààwẹ̀ ku ọ̀la. Tí mo bá tún ìyẹ̀fun mìíràn gbé kalẹ̀ kó máa kan fúnra rẹ̀, ó máa tó ọjọ́ mẹ́wàá kó tó lágbára. Àwàdà Bàbá Ògúnníyì wá sí mi lọ́kàn.

Mo bá wọn nídìí ọ̀pẹ. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo fẹ́ ẹmu díẹ̀.

"Ẹmu? Ìwọ? Ta ló fẹ́ mu ún?"

"Ọmọ kan ni ìta mú ládùúgbò wa, ara rẹ̀ sú. Wọ́n fẹ́ fi pa á lára ni."

"Óò. Ọlọ́run á wo ọmọ náà sàn." Wọ́n bu ìgò kan fún mi, wọn ò gba kọ́bọ̀. Wọ́n tún já ewé kan fún mi pé kí n fi kún un fún ọmọ náà.

Búrẹ́dì náà wú bí irọ̀rí. Ó ní ìkan díẹ̀ nínú. Ìyáálé Álífáà ní, "Ẹn-ẹ́n! Ọwọ́ ìyá rẹ nìyí." Lẹ́yìn ìgò àkọ́kọ́ yẹn, n kò padà sídìí ọ̀pẹ mọ́, nítorí mo ti ń bu ìkúùkù sọ́tọ̀ lójoojúmọ́ bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Ogún ọjọ́ ni wọ́n fi í ṣínu. Wọ́n ń gbàdúrà fún mi. Bàbá àgbà kan fọwọ́ kàn mí lórí ní iwájú mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní Ọlọ́run á fún mi ní ọkọ rere. Mo ṣe Àmín; Ìsíákà ti ń fẹ́ mi sọ́nà nígbà yẹn.

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ààwẹ̀ parí nígbà tí ìyá mi dé. Ó ti rẹ̀ wọ́n. Wọ́n wo ilé, wọ́n wo àwọn ìkòkò tó ń dán, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. Nígbà tí wọ́n pe ìrun, wọ́n fi dábínù kan àti omi ṣínu, wọ́n bu búrẹ́dì. Mo ń wo ẹnu wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀, wọ́n dúró. Wọ́n tu ú sí àtẹ́lẹwọ́.

"Mùìbá. Kí lo ṣe sí i?"

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: ìkòkò, omi gbígbóná, fóònù, ìdí ọ̀pẹ. Èmi ò rò pé mo ti sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí láyé mi.

"Ta ló ti jẹ ẹ́?"

"Gbogbo wọn, mà."

"Ilé Álífáà?"

"Lójoojúmọ́."

"Ti sàárà?"

Bàbá mi tí wọ́n ti ń gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà wọlé. "Ẹ gbọ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì rẹ ohùn wọn sílẹ̀, "ọ̀la ẹ da ohun tó kù nù, kí ẹ tún òmíràn ṣe. Ó parí. Ta ló fẹ́ mọ̀?"

"Èmi ti mọ̀," ni ìyá mi wí.

Wọn ò nà mí. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi bá mi wí lálẹ́ ọjọ́ náà ni ti Bàbá Ògúnníyì: "O parọ́ fún ẹni tó fún ọ ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, tó tún já ewé fún ọ." Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n lọ dùbúlẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun àsùbá, wọ́n ní kí n wé gèlè, ká lọ. Álífáà jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Àwọn ìyàwó wọn ń gbálẹ̀ nítòsí, mo rí i pé ìgbálẹ̀ ti dúró. Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú, èmi kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn.

"Álífáà, búrẹ́dì tí ẹ jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, ẹmu ni wọ́n fi mú un wú. Èmi ni mo ṣe é. Mo ti pò ó sílẹ̀ kí n tó lọ sí Ilé-Ogbó. Ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan."

Mo la ẹnu. Ìyá mi ò bojú wẹ̀yìn. Wọ́n kàn na ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó le gan-an. Ẹnu mi pa dé.

Álífáà gbé tẹ̀sùbáà wọn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá Mùìbá, ẹ dìde. Àwa tí a jẹ ẹ́ ò mọ̀, Ọlọ́run ò ní bi wá léèrè ohun tí a ò mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀, ẹ ti fi ẹsẹ̀ ara yín wá. Ẹ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Rẹ̀. Kí ẹ da ìyókù nù." Wọ́n ṣe dáadáa sí wa. N kò rí àìdáa kankan lọ́wọ́ wọn títí wọ́n fi kú.

Nígbà tí à ń lọ sílé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. "Màmá, kí ló dé tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Lẹ́yìn ọdún ààwẹ̀, àwọn ẹbí Ìsíákà ń bọ̀ wá tọrọ rẹ. Ṣé o rò pé wọ́n á mú ẹni tó fún Álífáà ní ẹmu lóṣù ààwẹ̀ wọlé? Ìwọ ṣì ń lọ ilé ọkọ. Èmi ti wà nílé tèmi."

"Mo máa sọ ọ́ fún wọn."

"O ò ní sọ ọ́. Mo ti sọ tèmi níwájú Álífáà. Ṣé o fẹ́ sọ mí di òpùrọ́ ni?"

Ìyá mi tí wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìyẹ̀fun láìṣe àlùwàlá, wọ́n parọ́ lóṣù ààwẹ̀ nítorí mi. Wọ́n sì ti fi irọ́ náà pa mí lẹ́nu mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dé ọjà kí àwa tó dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, a gbé àtẹ kalẹ̀, Ìyá Sùárà dìde láàárín èlùbọ́ wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ìyá Ẹlẹ́mu! Ẹ káàárọ̀ o!"

Ọjà rẹ́rìn-ín. Ìyá mi dá wọn lóhùn, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Sùárà." Búrẹ́dì kan ṣoṣo ò kúrò lórí àtẹ. A dá gbogbo rẹ̀ padà sílé, a fún àwọn ewúrẹ́. Orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ wọn. Àwọn tí kò mọ ìdí rẹ̀ ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n rò pé ẹmu ni wọ́n ń tà tẹ́lẹ̀.

Ìsíákà fẹ́ mi. Fún ọdún méjì, ata, ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni a ń tà. Lẹ́yìn náà ọkọ mi ra ààrò onígáàsì kékeré fún mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí fi yíìsì inú ọ̀rá ṣe búrẹ́dì, mo ń dì í sínú ọ̀rá. Fátíhà kò sí nínú ti ààrò yìí. Bọ́tìnì kan ló wà níwájú rẹ̀ tí à ń yí. Ìyá mi náà bá mi lọ sọ́jà, wọ́n jókòó sápá òsì, sídìí ata. Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn oníbàárà máa ń bi wọ́n kí wọ́n tó rà á:

"Ta ló pò ó? Ẹ̀yin ni àbí ọmọ yín?"

"Òun ni. Èmi ò fọwọ́ kàn án."

"Ó dáa. Mùìbá, di méjì fún mi."

Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ mọ́ nígbà tó yá, ṣùgbọ́n kò tán. Èmi ni ọwọ́ mímọ́, èmi ni ọmọ rere tó ń tún ohun tí ìyá rẹ̀ bàjẹ́ ṣe. Mo ń di búrẹ́dì, mo ń gba àdúrà. Ìyá mi á máa ṣa ata tó ti rọ̀ kúrò nínú ata tó le, wọn ò ní gbórí sókè.

Ọwọ́ wọn ṣì mọ iṣẹ́. Mo dé ilé wọn lójijì lọ́jọ́ kan, mo bá wọn tí wọ́n ń po gààrí gbẹrẹfu pẹ̀lú omi lórí pákó àtijọ́, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń yí i po. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n dà á fún adìẹ.

Èṣí ni ẹ̀jẹ̀ ríru dá wọn dúbúlẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n, mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ sọ ọ́ báyìí." Wọ́n ní, "Ọmọ mẹ́ta lo bí fún ilé ọkọ rẹ. Má dá wàhálà sílẹ̀." Wọ́n bi mí bóyá òjò ti rọ̀ lóko. Wọ́n kú ní ọjọ́ kẹta.

Ní àdúà ọjọ́ kẹjọ, mo gbé oúnjẹ fún àwọn obìnrin tó wá bá wa kẹ́dùn. Ọ̀kan nínú wọn mí kanlẹ̀, ó ní, "Èèyàn dáadáa ni. Ọlọ́run á foríjì í fún ti ẹmu yẹn." Gbogbo wọn ṣe Àmín. Àwo oúnjẹ wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e fún ẹni tó kàn.

Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ki ọwọ́ bọ ìyẹ̀fun, ó ń rí mi lára. Mo fara dà á fún oṣù mélòó kan, mo ta ààrò náà. Bí mo ṣe fẹ̀yìn tì nìyẹn.

Ọkọ mi bi mí pé kí ló dé. Mo sọ fún un. Ó jókòó tì mí.

"Ṣé nítorí mi ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní àwọn èèyàn yín ò ní gbà mí."

"Ǹ bá fẹ́ ọ náà," ló wí. "Màámi mọ bí o ṣe máa ń sun búrẹ́dì jó. Wọ́n ní kí n fẹ́ ọ bẹ́ẹ̀." Ó fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Mo wọ inú yàrá lọ. Ká ní ìyá mi ti béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn ọkọ mi ni. Ká ní èmi ti jẹ́ kí wọ́n béèrè.

Ní ọjọ́ ọjà tó kọjá, mo lọ sọ́jà láìru nǹkan kan. Ìyá Sùárà ti darúgbó, èlùbọ́ wọn ṣì wà níwájú wọn. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ níbi tí gbogbo àwọn obìnrin ti ń gbọ́. Ohùn mi ò jáde lẹ́ẹ̀kan, mo tún bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá, èmi ni mo fi ẹmu sínú búrẹ́dì yẹn. Kì í ṣe ìyá mi. Wọn ò sí nílé. Nígbà tí wọ́n mọ̀, wọ́n lọ sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé e ru ara wọn nítorí mi."

Ìyá Sùárà wò mí. Obìnrin kan tó ń rajà gbé èlùbọ́ tó ti wọ̀n sílẹ̀.

"Ìwọ?"

"Èmi ni, mà."

"Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi pe ìyá rẹ bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n mú etí ìró wọn, wọ́n fi nu ojú. "Gbogbo ọjọ́ ọjà. Èmi tí mò ń fi í ṣeré. Mùìbá, wọ́n ń dá mi lóhùn. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè wọ́n, wọ́n ń jẹ́."